Ewúro Tí Mi Ò Fi Ránṣẹ́ sí Ọ

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́jọ tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run,

Má wulẹ̀ tú àpò náà palẹ̀. Iṣu mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀pà yíyan, àti gàrí tí mo fi ọwọ́ ara mi yan, àti aṣọ kékeré kan fún Mọníìkì. Ewúro tí o ní kí n já kò sí níbẹ̀. Kò já bọ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ tó gbé àpò wá sí Bohicon kò sì jí i. Èmi ni mi ò fi sí i, mi ò sì ní fi sí i.

Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí pọ́táàbù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. O ní, "Màmá, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ olùkọ́! Ekólù ìjọba ni, Parakou ni wọ́n fi mí sí." Mo fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún mi fi rán mi létí pé mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo dúpẹ́, mo jó, mo jáde lọ sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Àfi ìgbà tí mo padà gbọ́ ìyókù. Ohùn rẹ wálẹ̀, o ní, "Ìyá Máàsẹ́lì ní àwọn máa wá mú Mọníìkì lọ sí Akofodjoulè ní Sátidé. Wọ́n ní mi ò lè gbé ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣì ń mu ọmú lọ síbi iṣẹ́, pé ojú á tì mí. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á ti gbàgbé. Màmá, ẹ bá mi já ewé náà, ẹ tètè fi ránṣẹ́."

O mọ àṣà ilé wa. Ìyá tó bí ìyá ọmọ ló ń já ewúro tí a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti ń já a, á sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní tútù, láìfọ̀. Bí ẹlòmíràn bá já a, wọ́n ní inú ọmọ náà kò ní gba oúnjẹ. Ìyá Máàsẹ́lì, ìyá ọkọ rẹ, mọ̀ ọ́n. Ewúro kún Akofodjoulè bí koríko, síbẹ̀ ó ní kí o ránṣẹ́ sí mi, nítorí ó mọ̀ pé láìsí ọwọ́ mi nǹkan náà kò ṣeé ṣe. Ó ṣeun tó rán mi létí. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ wà, ọwọ́ mi kọ̀.

Mi ò fẹ́ sọ èyí lórí pọ́táàbù. Ohùn mi máa ń lọ sókè, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a ò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tó, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, nígbà tí èmi àti àwọn opó ẹgbẹ́ mi ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí à ń kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè wa sílẹ̀. O ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí?" Ìwọ ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí màá kọ nìyí, nítorí náà ó máa gùn. Jókòó dáadáa. Bí Mọníìkì bá fẹ́ mu ọmú, fún un, kí o máa kà á lọ.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ.

O máa ń fi í rẹ́rìn-ín pé Fòfó Àkànbí ń pè mí ní "Ìyá Àbẹ̀kẹ́" bí ẹni pé aládùúgbò ni mí. O rò pé àwàdà ni. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín bí o bá wà níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá fún ọ.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo bí i. Ọmú mi kún, òun náà sì mọ̀ ọ́n mu. Bó bá ti gbé ọmú sẹ́nu, á fi ọwọ́ kan di etí òsì mi mú. Kì í di ọ̀tún, òsì ni ṣá. Mi ò lè wọ yẹtí sí i nígbà yẹn. Ó pé ọdún kan àbọ̀, ìyá bàbá yín wá láti Soclogbo, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọmọ yìí ń rìn, ó ń jẹ iyán, kí ló tún ń wá lẹ́nu ọmú? Ọkùnrin tó bá pẹ́ lẹ́nu ọmú, òmùgọ̀ ló ń dà. Ọkọ rẹ náà sì ń dúró." Ìwọ náà ti lọ́kọ, o mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ bá ṣì ń mu ọmú, ọkọ kì í sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mìíràn ni wọ́n ń wá, wọn kò sì fi bò.

Mi ò fẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní ìyá mi kò kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo bẹ̀rù pé bàbá yín á wá ẹlòmíràn lọ. Wọ́n ní ẹnu ayé lẹ̀bọ. Ọmọ mi ni mo fi rú u.

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n di ewúro sínú aṣọ. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n yí ojú sí ọ̀nà àpáta. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn náà kò fẹ́, pé ẹ̀rù ló ba àwọn kí àwọn èèyàn má baà ní àwọn ń ba ọmọ àwọn jẹ́. Ìyá bẹ̀rù, ọmọ bẹ̀rù, ọmọ-ọmọ ló jìyà rẹ̀. Mo gún ewé náà, mo fún omi rẹ̀, mo fi pa orí ọmú méjèèjì. Àkànbí sáré wá bó ṣe máa ń sáré wá. Ó di etí mi mú. Ó gbé ẹnu lé e.

Kò sunkún, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ló sọ fún mi pé á sunkún, pé bó bá rẹ̀ ẹ́ á dákẹ́. Kò sunkún rárá. Ó yọ ẹnu, ó wo ọmú náà, ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì fi etí mi sílẹ̀. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún wò mí. Ọmọ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe ọmú ló korò. Ó mọ̀ pé èmi ni.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá bàbá yín pọ̀n ọ́n lọ sí Soclogbo. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá. Ọmú mi le, ó wú, ó ń dùn mí dé abẹ́ apá, mo ń fún un dànù sẹ́yìn ilé, àwọn adìẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Oṣù méjì di ìgbà tí a wa iṣu tán. Nígbà tí mo lọ mú ọmọ mi, mo pè é láti ẹnu ọ̀nà. Ó sá sẹ́yìn ìró ìyá bàbá rẹ̀. Mo tún pè é. Ó ní, "Màmá, ta ni?" Kì í ṣe èmi ló ń pè ní Màmá.

Ó padà wálé, ó dàgbà, kò sì ṣe mí níbi rí. Bí òrùlé mi bá ń jò, òun ló ń gun òkè rẹ̀. Bí ara mi kò bá yá, òun ló ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Màmá mọ́. Ọdún bíi méje ni kò fi pè mí ní nǹkan kan. Á wá síwájú mi, á dúró, á sọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ìgbà tí mo bí ọ, tí gbogbo agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Àbẹ̀kẹ́, òun náà ní ohun tó lè máa pè mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ara tù ú.

Ọmọ kejì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kánjú ńkọ́? Ọdún mẹ́jọ ni o fi pẹ́ lọ́nà. Ọlọ́run kò bá ìyá bàbá yín kánjú.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ nìyí. Ohun tí ọmọ fẹ́ràn jù lọ ni ara ìyá rẹ̀. Má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ di ìkorò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fẹ́ fi mú ọmọ rẹ lọ kó lè gbàgbé, bi í léèrè pé, kí ló máa gbàgbé? Ọmọdé kò mọ bí a ṣe ń gbàgbé ọmú kí a má gbàgbé ẹni tó ni ọmú.

Èkejì, ìwọ fúnra rẹ.

Kí o tó dé ni mo ti búra. Mo ní ẹni tó bá tún gbé ewúro wọ ilé mi nítorí ọmọ, òun ni yóò jẹ ẹ́ ní tútù. O mu ọmú lọ́dún kìíní, o mu ún lọ́dún kejì, ọdún kẹta. Lọ́dún kẹrin o ti ń gbé garawa kékeré rẹ bá mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, bí a bá dé o máa ní kí n jókòó, o fẹ́ mu. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ ekólù, o máa ń mu díẹ̀ láàárọ̀ kí o tó wọ aṣọ kakí. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé títí ọmọ yìí á fi gba sẹ́tífíkà ni?" Mo ní, "Ẹ ti sọ ọ́ kéré. Títí á fi lọ sí yunifásítì ni, bó bá wù ú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń hó.

Inú tó ń hó yẹn ló fa àṣìṣe mi kejì. Ó ṣeé ṣe kí o ti gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Mẹtirẹ́ẹ̀sì rẹ lọ sọ ní ọjà pé ọmọ kan wà ní kíláàsì òun tó ṣì ń mu ọmú, pé ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ náà dé etí mi kí ó tó di ọ̀sán. Mo gbé oúnjẹ rẹ, mo wọ inú ekólù lọ, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò níbi tí gbogbo yín ti ń jẹun. Mo ṣí bùláòsì mi níwájú àwọn ọmọ, níwájú àwọn mẹ́tìrì, mo pariwo pé, "Àbẹ̀kẹ́, wá mu ọmú!" Ojú mẹtirẹ́ẹ̀sì ni mo ń wò. Mi ò wo ojú rẹ rárá.

Ìwọ kò mira. O fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. O rọra sọ pé, "Màmá, kì í ṣe níbí." Mo pa bùláòsì dé. Ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lọ́wọ́. "Ọmọ Ọmú" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ fi ń pè ọ́ lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. O máa ń wá sọ fún mi pé o ò fẹ́ lọ sí ekólù mọ́, pé inú ń run ọ́, èmi sì mọ inú tó ń run ọ́. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nígbà yẹn. Àgbà tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi máa ń pariwo sí i ni. Mo tọrọ rẹ̀ nísinsìnyí: dárí jì mí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé àṣìṣe kan náà ni mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Mo já Àkànbí lẹ́nu ọmú nítorí ẹnu àwọn èèyàn. Mo fún ọ lọ́mú ní gbangba ekólù nítorí ẹnu àwọn èèyàn náà. Nínú méjèèjì, mi ò wo ojú ọmọ. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, mi ò ní kí o gbé ọmú jáde lójú títì kí o fi na ìyá ọkọ rẹ lójú. Ọmọ kì í ṣe kùmọ̀. Ojú Mọníìkì ni kí o wò. Òun ló máa sọ fún ọ.

Ìwọ náà sọ fún mi. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, inú ilé nìkan ni a ti ń ṣe é, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lásìkò tí kajú pọ́n, a jókòó sórí àpáta tí a máa ń sá gbàgúdá sí, o wà lẹ́sẹ̀ mi, o ń mu. Ẹnì kan kígbe pé kajú ti já bọ́ púpọ̀ nísàlẹ̀. O yọ ẹnu, o dìde, o sáré lọ. O padà dé pẹ̀lú omi kajú lára aṣọ, o jẹun, o sùn. O ò bèèrè ọmú. Lọ́jọ́ kejì o ò bèèrè. Lọ́jọ́ kẹta ni mo bi ọ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, o ò mu mọ́ ni?" O wò mí bí ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, o ní, "Ó ti tó, Màmá." Mo wọlé, mo sunkún díẹ̀, inú mi sì dùn. Kò sí ewé, kò sí Soclogbo, kò sí ẹni tó fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà di òní, kódà bí o bá ń bínú sí mi, Màmá lo fi ń bínú sí mi.

Ti ìṣirò ńkọ́? Ọmọ tí wàrà ìyá rẹ̀ dí lọ́pọlọ ni ìjọba gbà láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Parakou. Bí o bá pàdé mẹtirẹ́ẹ̀sì yẹn, bá mi kí i.

Ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n máa sọ.

Wọ́n á sọ̀rọ̀. Sọ fún ara rẹ pé wọ́n á sọ̀rọ̀, kó má baà bá ọ lójijì. Ìyá Máàsẹ́lì ti bi mí lọ́jọ́ ìrìbọmi àbíkẹ́yìn ilé wọn pé ṣé Mọníìkì máa hu irùngbọ̀n lẹ́nu ọmú ni. Mo ní obìnrin ni, kò ní hu irùngbọ̀n. Wọ́n á ní wàrà ọmú ọlọ́dún mẹ́rin ti di omi lásán. Kí wọ́n wo agolo wàrà tó wà lórí tábìlì wọn. Gẹ̀ǹdé ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì ń da wàrà màlúù sínú kọfí láràárọ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa já a lẹ́nu ọmú. Màlúù kì í ṣe ìyá rẹ̀! Ọmọ tó ń mu ti ìyá tó bí i, òun wá ni ojú ń tì.

Wọ́n á tún ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Èmi ń gun òkè lọ bá Ìyá Màríà níbi ère wọn ní gbogbo ọdún, mo sì ti wo ojú wọn dáadáa bí mo ṣe ń gbàdúrà. Àwọn náà fún Jésù lọ́mú. Ta ló jókòó tì wọ́n tó ń ka oṣù? Mi ò gbọ́ ọ rí nínú ìwàásù pé ẹnì kan fi ewúro pa ọmú Màríà.

Ẹ̀kẹrin ni mo wà àbí ẹ̀kaàrún? Mo ti ṣi í kà, má dà á rò. Èyí tó kù jẹ́ ohun ilé.

Oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Sáàfámù tó gbẹ̀bí rẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ọmọ tó ti ní eyín gbọ́dọ̀ jẹun yó, ọmú kò lè dúró fún oúnjẹ. Mo gbà á. Kí Mọníìkì jẹ iṣu rẹ̀, ẹ̀wà rẹ̀, ẹyin bó bá wà, kí ó tó mu. Ìyá tó bá fi ọmú dí ebi ọmọ ọdún mẹ́rin ń tan ara rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí o ń bẹ̀rù rẹ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ máa lọ sí ekólù, òun náà máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn kékeré. Á mu kí ẹ tó jáde, á mu nígbà tí ẹ bá wọlé. Láàárín, á ṣeré bí ọmọ yòókù. Sọ fún un pé nǹkan ilé ni, bí ìwẹ̀ ṣe jẹ́ nǹkan ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́ èdè. O ní ojú tì ọ́ nígbà tí Mọníìkì gbé bùláòsì rẹ sókè níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n wá bá ọ yọ̀. Ojú lè tì ọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ìtìjú ìṣẹ́jú kan, ṣé ó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ gbé ọmọ fúnni?

Bá Máàsẹ́lì sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí o pariwo mọ́ ọn. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ máa ń sá pamọ́. Bi í ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Bó bá ní òun ń fẹ́ ọmọ mìíràn, ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín. Láyé tiwa ni ọmú ọmọ ń lé ọkọ kúrò lórí ẹní. Ẹ̀yin mọ ọ̀nà mìíràn, sáàfámù á sì la ìyókù yé yín. Èmi kò bá bàbá yín sọ nǹkan kan. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi rò pé ó ń bínú, nígbà tó di arúgbó ni ó sọ fún mi pé òun kò bínú rárá, pé ìyá òun ló ń bínú fún òun.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ló ti rẹ̀, ọmọ mi, ìyẹn yàtọ̀. Ọmú rẹ ni, ara rẹ ni. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti so ọ́ mọ́ ọmọ bí ewúrẹ́. Bó bá rẹ̀ ọ́, sọ fún un pé ó rẹ̀ ọ́. Dín in kù, gba ti ìrọ̀lẹ́ kí o fi ti àárọ̀ sílẹ̀, kí o gbé e mọ́ra pẹ́ sí i. Á sunkún, jẹ́ kó sunkún lẹ́sẹ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹnu rẹ ló ti gbọ́ ọ, kó má jẹ́ ahọ́n rẹ̀ ló fi tọ́ ọ wò.

Ti Ìyá Máàsẹ́lì, má bú wọn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn lójú rẹ. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Ilé wọn ní Akofodjoulè dákẹ́ jù láti ìgbà tí ọkọ wọn ti lọ, ẹni tí ilé rẹ̀ dákẹ́ máa ń wá ohùn ọmọdé. Nígbà ìsinmi, ìwọ àti Mọníìkì ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń wí yẹn lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ni wá. Mo ń bọ̀ ní Fúráidé, èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á bínú sí mi, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọ ogún ọdún mọ́.

Ó ku ti ewé náà.

A kì í ránni níṣẹ́ ẹrú kí a má fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo já a. Ẹ̀yìnkùlé ara mi ni mo ti já a, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, bí àṣà ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ títí ìfófòó rẹ̀ fi tán, mo fi egúsí àti ẹja gbígbẹ sè é. Ọjọ́ Àìkú ni. Àkànbí wá láti Glazoué lẹ́yìn mísà, bó ṣe máa ń wá. Mo gún iyán, mo bu ọbẹ̀ náà fún un, mo jókòó níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń jẹun ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ewé, etí òsì, bó ṣe wò mí, ìró tó sá sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un rí. Mo ní, "Àkànbí, dárí jì mí."

Ó ń jẹun lọ. Ó fi òkèlè gbá abọ́ mọ́, ó fọ ọwọ́, ó sì wò mí pẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé kí n má fi dààmú ara mi. Ó mú àṣíborí rẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Ó wá ní, "Ọbẹ̀ yẹn dùn gan-an. Ẹ ṣé o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìbínú ni, ǹ bá bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tán. Ọmọ mi kò kàn mọ orúkọ mìíràn tó lè pè mí ni.

Nítorí náà, ní Sátidé, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní ewé dà, sọ pé ìyá rẹ ti fi jẹ iyán. Kí o sì gbé Mọníìkì sẹ́sẹ̀ rẹ kí o tó dáhùn.

Èmi ni,
Màmá rẹ. Ìwọ nìkan lo ń pè mí bẹ́ẹ̀.